Ìyá Kòkòrò àti Kápúsù Ọ̀gá Àgbà

Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kòkòrò àrùn ló ń sìn nínú àwo pẹlẹbẹ bí ẹni ń sin adìyẹ: á bọ́ wọn yó tán, á wá da oògùn lé wọn lórí kó lè mọ èyí tó máa kú àti èyí tó máa ṣorí kunkun. Ní ilé ìwòsàn, Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ a sì máa bi í pé, "Ìyàwó mi, láti ọdún mẹ́fà tó o ti ń pa wọ́n, wọn ò tíì tán?"

Lọ́dún kan, iṣẹ́ gbé e dé yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà, àga mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin lórí ìjókòó. Ibà ń mú àwọn tó ń wá láàárọ̀, abẹ́rẹ́ ò sì ràn án. Ìyá Kòkòrò fi òwú nu ibi tí rọ́bà ẹ̀rọ ti wọ ara wọn, ó gbin ohun tó rí, ó da oríṣi oògùn mẹ́rin lé e. Kòkòrò ò mira.

Ló bá ń wá orísun rẹ̀. Ó nu ẹnu ẹ̀rọ omi, apá àga àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó kan ọwọ́ nọ́ọ̀sì àgbà, ìyẹn fà á sẹ́yìn.

"Dókítà, ṣé èmi lẹ ń fura sí ni?"

"Ẹ má bínú, ọwọ́ tèmi ni mo kọ́kọ́ nù."

"Kí lẹ wá bá níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Ọjọ́ kẹta ló rí bàbá tó máa ń jókòó sí àga kẹta. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ọ̀gá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá sì ṣí àpò awò ojú rẹ̀. Kò sí awò níbẹ̀. Kápúsù ló kún un.

"Gbé ọ̀kan mì. Bí ara bá ti fúyẹ́, má mu òmíràn mọ́."

Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gba tirẹ̀. Agbálẹ̀ tí eyín ń dùn náà gbà.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí oògùn yìí?" Ìyá Kòkòrò béèrè.

"Wọ́n ní kí n lò ó fún ọjọ́ méje, ara mi yá lọ́jọ́ kejì. Ṣé kí n wá fi oògùn ṣòfò ni?"

"Ọmọ tí ẹ bá nà lẹ́gba kan tí ẹ sì fi sílẹ̀, ṣé kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹgba? Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ń ṣe."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹgba mi rí."

Ta ló fẹ́ bá olùkọ́ jiyàn? Lọ́jọ́ tí bàbá tún wá, Ìyá Kòkòrò gbé àwo méjì tó ti dé pinpin wá. Nínú èkíní, tí kòkòrò inú rẹ̀ kò tíì mọ oògùn rí, oògùn inú kápúsù bàbá ti lé kòkòrò jìnnà. Nínú èkejì, kòkòrò hù títí dé ẹsẹ̀ oògùn.

"Àwọn wo ló wà nínú èkejì yìí?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

"Ara yín ni mo ti mú wọn, Bàbá."

"Wọ́n jókòó ti oògùn!"

"Bí ẹni ń yáná."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì nígbà tó rántí iye tí òun ti gbé mì. Ohùn bàbá wálẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo kó ibà bá wọn?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Rọ́bà ńkọ́? Ọwọ́ wa ńkọ́? Àwa dókítà gan-an máa ń kọ oògùn lákọjù. Ṣùgbọ́n ẹ wà lára wa, Bàbá."

Ọwọ́ méjèèjì ni bàbá fi gbé àpò kápúsù náà fún un.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan rọ́bà láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́. Bàbá ò lè dìde nídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kó àwọn dókítà wọlé. Bàbá ní kó lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́. Bàbá tún dá a padà: "Àtàǹpàkò ńkọ́?"

Láàárín oṣù mẹ́rin, ibà tó máa ń mú ẹni mẹ́rin lóṣù ò mú ju ẹnì kan lọ lóṣù mọ́. Ìyá Kòkòrò kọ ìròyìn iṣẹ́ náà, ó sì fún Ọ̀gá Àgbà ní ẹ̀dà kan láti fi dá a lọ́lá. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbà á padà, yíǹkì pupa ti kún inú rẹ̀: "Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ gùn jù."

Ó kà á títí, ó rí i pé òótọ́ ni. Ló bá jókòó, ó tún un kọ.