Ọjọ́ Tí Mo Lọ Bá Olùkọ́ Jà Nítorí Ṣáàjì Irin

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nílé wa ní Lokogoma. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS1 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kẹ́mísírì wá bá mi. Wọ́n kọ Fe₂O₃, ìyẹn irin àti ọ́síjìn, síbẹ̀, wọ́n ní kí ó wá ṣáàjì tí irin gbé nínú rẹ̀.

"Mọ́mì, two ni àbí three?"

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti fojú kan kẹ́mísírì gbẹ̀yìn. Fáìlì ni mò ń tò ní mínísírì. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa ní òun ò mọ̀? Mo wo Fe, mo rí 2 kékeré tó jókòó sídìí rẹ̀.

"Two ni. Ṣé o ò rí i ni? Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Nígbà tó mú ìwé náà bọ̀ láti iléèwé lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ ti fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn mi. Inú bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wọ bàtà tó máa ń dún kò-kò-kò, mo mú ìwé náà dání, mo já wọ kíláàsì wọn. Ọmọ mi rí mi, ó fi ìwé bojú.

Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kàbà kan, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é lójú pátákó."

Ó ki ṣọ́ọ̀kì bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ọ́síjìn kan, mà, kí ni ṣáàjì rẹ̀?"

Mo wo òrùlé. Ọmọbìnrin kan níwájú sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Máínọ́ọ̀sì two." Mo tún un sọ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n látilé.

"Ọ́síjìn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àpapọ̀ ńkọ́?"

"Máínọ́ọ̀sì six."

"Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí òdo, mà. Irin méjì ló máa pín pùlọ́ọ̀sì six gbé. Mélòó ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Mo fi ìka kà á lẹ́yìn ẹ̀wù mi. "Three," mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín, mà."

"THREE!"

Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùkọ́ ní two kékeré yẹn, iye irin ló ń sọ, kì í ṣe ṣáàjì. Mo dúpẹ́, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Mà, ẹ ò tíì kọ iṣẹ́ àṣetiléwá yín."

Ẹ̀rín wá bú jáde ní kíláàsì. Mo kọ ọ́ bí olùkọ́ ṣe pè é: TiO₂.

Orí fáìlì ni mo ti ń ṣe é ní ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá mi, bàbá Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró sẹ́yìn mi.

"Màdáámù, kí lẹ̀ ń kọ?"

Mo ṣàlàyé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ọ́síjìn méjì, máínọ́ọ̀sì four. Titanium gbé pùlọ́ọ̀sì four." Ó fa àga jókòó tì mí. "Ẹ kọ òmíràn."

Ọ̀sán pọ́n tán kí a tó rántí pé ìpàdé wà.