Ọmọ Tí Mo Fi Kọ́ Saikọ́lọ́jì

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí láàárín àwọn ọdún 1980. Agbowó ni mo ń gbé, ojú sì ń kán mi láti di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà lápá Bódìjà tó ń kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé. Saikọ́lọ́jì ni mo mú. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn ni, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló mọ inú ẹlòmíràn bí kò ṣe Ọlọ́run? Ṣé àwọn tíṣà yín mọ̀ ọ́n ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àìkàwé ló ń dà wọ́n láàmú.

Kọ́ọ̀sì mẹ́ta la ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀kan dá lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni mo ti gbàgbé. Ọ̀kan wà lórí ìbẹ̀rù àti ohun tó ń fà á. Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni ti bí ọmọdé ṣe ń dàgbà. Olùkọ́ wa níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kódà bó bá ń mumi, a máa sọ pé, "Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹ rò kò kàn wá." Mo kọ gbólóhùn yẹn sí ẹ̀yìn ìwé mi, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, kó dán an wò, kó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Wọ́n fún wa ní àpótí kọ̀ọ̀kan, igi wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ á tò ó kó lè dà bí àwòrán tí a fi hàn án, àwa á sì máa wo aago. Bébà kan tún wà tí a ó máa sàmì sí: ṣé ọmọ ń wo ojú ẹni tó ń bi í léèrè? Ṣé ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀? Ṣé ó ń béèrè ohun tí kò yé e?

Mi ò wá ọmọ jìnnà. Nísàlẹ̀ ilé tí mo ń gbé ni díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà, ará apá Ṣakí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkiteríàtì. Ọmọ àbúrò wọn tó ti kú ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin kan tó wà ní ìwé mẹ́fà. Díákónì ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì fún un. Bó bá yege, òun ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ bàbá rẹ̀ tí yóò kọjá ìwé mẹ́fà. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fọ abọ́ tán, ìdí ìwé ni wàá ti bá a.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo pè é sí yàrá mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó sórí àga kó kọjú sí mi. Ó jókòó, ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan, ó sì jókòó lé e. Mo tẹ aago. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń to igi, èyí ń ṣubú, ó ń tún un mú, òmíràn tún ń ṣubú. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á wolẹ̀ títí, á wá sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mi ò mọ̀, Àǹtí Tíṣà." Mo sàmì: kò wo ojú. Mo sàmì: kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kíláàsì mi bá tẹjú mọ́ mi, pàṣán ló máa dá a lóhùn! Irú ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ yẹn láti wolẹ̀ níwájú àgbà ni wọ́n ti kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni wọ́n ní kí n kọ.

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́fà ni, ẹni tó ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀ ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní ọpọlọ ọmọ náà wà lẹ́yìn ọjọ́ orí rẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ìwé tó gùn yóò jẹ́ ẹrù wúwo fún un, pé iṣẹ́ ọwọ́ ló máa bá a mu. Olùkọ́ wa fún mi ní A, wọ́n sì ka apá kan rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. Orí mi wú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Díákónì bi mí bí iṣẹ́ ọjọ́sí ṣe lọ sí. Ǹ bá dákẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi na ìwé náà sí wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ là wá lójú. A ò mọ̀ pé ẹrù tó ju orí ọmọ lọ là ń dì lé e." Wọ́n ní àwọn ti dá fọ́ọ̀mù padà, ọmọ á lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, á lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo ní kí wọ́n tún un rò. Ẹnu lásán ni. Inú mi lọ́hùn-ún ń dùn pé ìwé mi ti ṣiṣẹ́, ojú sì ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀ lónìí.

Ó ku ọjọ́ méjì kó lọ ni mo tètè ti iléèwé dé. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi agolo mílíìkì àti páálí ìṣáná kọ́ ilé fún àbíkẹ́yìn Díákónì. Ilé alájà mẹ́ta, àkàsọ̀ wà nínú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ́ ọ, ó ń yára débi pé ojú mi kò lè bá a. Bó ṣe gbọ́ ìró bàtà mi, ó fi ọwọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà kọ́kọ́ dé, ó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún mi, mo gbá ọwọ́ náà, omi dànù. "Ọwọ́ wo nìyẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ìyàwó Díákónì ń gbá a, gbogbo ilé ló ń gbá a. Nínú kíláàsì mi, rúlà ni mo fi ń gbá a fún àwọn ọmọ ọlọ́wọ́ òsì, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń kọ́ wọn. Ọwọ́ tí mo ní kó fi pa mọ́ fún mi ló fi pa mọ́ fún mi, mo wá jókòó tì í pẹ̀lú aago, mo ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí gan-an ni mo tẹ orí ọmọ wọ́.

Mo sáré bá Díákónì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n mú ìwé ojú mẹ́fà yẹn jáde látinú Bíbélì wọn. "Tíṣà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wo èyí, wọ́n ní ó dára. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ìwé yín ni àbí omijé yín?" Ọmọ náà lọ.

Nígbà ìsinmi, mo wọkọ̀ ní Ṣàngó lọ sí Ṣakí láti bẹ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún mi lómi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá aránṣọ sì ti gba ọmọ. Àwọn kò lè yí ọ̀rọ̀ àgbà padà. Wọ́n mú mi dé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà dìde nídìí máṣíìnì, ó kúnlẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ má bínú pé mi ò ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ṣé wọ́n padà fún yín ní máàkì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fún mi.

"Ẹ ṣé o, Jésù," ó ní. "Mo ti ń gbàdúrà sí i."