Bàbá Mi, Oníbúlọ́ọ̀kù Ṣógúnlé

Nígbà tí mi ò tíì ga ju garawa omi méjì tí wọ́n gbé léra lọ, Ṣógúnlé ni à ń gbé, ní yàrá méjì nínú ilé kan tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kọjá ládùúgbò yẹn lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ti dé. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá gba Òṣòdì kọjá, wọ́n ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tíṣà àti akọ̀wé sì ń ra ilẹ̀ ní Ìsọlọ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Ẹni tí gbogbo ayé sì ń wá ni bàbá mi, nítorí búlọ́ọ̀kù ni bàbá mi ń mọ.

Láti Òkè-Ògùn ló ti wá sí Èkó, òun àti ṣọ́bìrì kan. Kí n tó gbọ́njú, ó ti ní mọ́ọ̀dù onírin mẹ́ta tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Òun ló fi búlọ́ọ̀kù yí ẹnu kànga àdúgbò wa ká lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ẹnìkan já sínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má fi eegun ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bó bá dún gbọin, ó lè máa lọ. Bí kò bá dún dáadáa, á ní, "Ìwọ ò ì tíì dàgbà, padà sẹ́yìn." Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ń bá iyanrìn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó, ilé rẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Àwa ọmọ márùn-ún la wà nígbà náà. Bí ọdún bá ń bọ̀, bàbá mi á ní ká na ẹsẹ̀, á wá fi igi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á dá igi náà sí gígùn ẹsẹ̀ oníkálukú, á sì kó márààrún sínú àpò àyà rẹ̀ lọ sí ọjà Òṣòdì. Bàtà tó bá rà kì í fún mọ́ wa lẹ́sẹ̀, kì í sì í tóbi jù. Lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ wù kó pọ̀ tó, á wá sílé wá jẹun pẹ̀lú wa. Àwọn oníbàárà á dúró, á ní kí wọ́n má bínú, àwọn ọmọ òun ń retí òun nídìí àwo.

Ó ti ra ilẹ̀ sí Ìsọlọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń mọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé tiwa, ó sì ń kó wọn lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá mi ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, bàbá mi sì ti ṣèlérí fún un pé yàrá tirẹ̀ ni yóò bí ọmọ náà sí, kí Àjíǹde tó dé. Màmá mi ti yan ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ yóò wà lẹ́bàá fèrèsé, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ọ̀hún ò tíì sí níbì kankan o, àfi lọ́kàn rẹ̀.

Ó ku iṣẹ́ tèmi. Èmi àkọ́bí ni mò ń bomi rin búlọ́ọ̀kù. Ẹ má rò pé oòrùn ló ń mú búlọ́ọ̀kù le. Omi ni. Ó gbọ́dọ̀ mu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òde rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á sì wà bí iyanrìn lásán. Gbogbo èyí ni bàbá mi ti kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi.

Lọ́dún yẹn ni aládùúgbò wa kan ra tẹlifíṣọ̀n. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé á sì ti há mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀ kó tó tàn án. Àti kànga, àti garawa, àti búlọ́ọ̀kù tó tò lọ bí ọmọ ilé-ìwé, ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn tán kó tó lọ? Mo bá dá ọgbọ́n kan. Àwọn búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú, tí bàbá mi lè rí láti ẹnu ọ̀nà, àwọn nìkan ni mò ń bomi rin. Láàárọ̀ mo ní mò ń kánjú lọ sílé-ìwé, nírọ̀lẹ́ mo ní mo ti ṣe é tán. Àwọn ti ẹ̀yìn ò fẹnu kan omi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè.

Tíṣà kan wà, ará Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́, tó ń kọ́lé nítòsí Ire-Akari. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ wá kó búlọ́ọ̀kù, bàbá mi ò sí níbẹ̀. Ibà mú àbúrò mi kan, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Kó tó lọ, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ fún tíṣà ní àwọn ti ẹ̀yìn o. Àwọn ló pẹ́ jù, àwọn ló le jù." Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ní kí n sin òun lọ kí tíṣà kú iṣẹ́. Ògiri ti dé ojú fèrèsé. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí wọn, ló na ọwọ́ kan ògiri bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, iyanrìn dà sílẹ̀. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan tó kù nílẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ láti orúnkún rẹ̀, ó fọ́ bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, no wahala. Pílásítà á bò ó."

"Pílásítà ò lè gbé òrùlé," ni bàbá mi wí. Ó kọjú sí tíṣà. "Ẹ má bínú sí mi, tíṣà. Àwọn ọmọ yín ló máa sùn síbí. Èmi ni mi ò bójú tó o. Ẹ jẹ́ n wó o."

Tíṣà ní, "Bàbá, ṣé gbogbo ẹ̀ náà ni?" Bàbá mi ti bọ́ agbádá rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ògiri tó ń wó, ẹnu mi gbẹ ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Kò sí búlọ́ọ̀kù tó ti le tán lọ́dọ̀ bàbá mi àfi èyí tó ti kó sí ilẹ̀ wa ní Ìsọlọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ fún tíṣà. Màmá mi dúró, ó di ikùn mú, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ilé àwọn ọmọ yín lẹ kó lọ yẹn o." Bàbá mi ní òun mọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin màmá mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìdájí, bàbá mi ló ń dáná omi ìwẹ̀ rẹ̀, á gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, á yáa kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, màmá mi ní omi náà ti gbóná jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà ṣe parí.

Yàrá ayálégbé náà la bí àbúrò wa sí, ọdún kan gbáko sì kọjá ká tó kó lọ sí Ìsọlọ̀. Èmi wá ń bomi rin búlọ́ọ̀kù bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún, títí ilẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Bàbá mi á ní, "Ó tó, ọmọ mi, búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ẹja."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ sílé ọkọ ni mo tó lè kúnlẹ̀ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí òun wó ògiri tíṣà gan-an. Nígbà tí òun padà dé ibi iṣẹ́, koríko tútù ń hù láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù iwájú, eruku lásán ló wà níbi tí àwọn ti ẹ̀yìn ti kúrò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lù mí. Ó ní, "Bí mo bá lù ọ́, ìyá rẹ á mọ̀. Ìwọ lo máa jẹ́ ọmọ tó ba ilé jẹ́ títí láé. Búlọ́ọ̀kù, mo lè tún un mọ."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mò ń rí àwọn tó mọ búlọ́ọ̀kù lónìí tí wọ́n ń kó o lọ síbi ìkọ́lé lọ́la. Bí ilé bá wó, bíríkìlà á ní oníbúlọ́ọ̀kù ni, oníbúlọ́ọ̀kù á ní sìmẹ́ǹtì ni, onílé á ní ìjọba ni. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ní, èmi ni. Ìgbà yẹn náà kò dára tán o, ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà kankan tàn yín. Owó epo ti ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn bí ọtí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin kan tí kò pa.

Màmá mi ò mọ̀ títí ó fi kú. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń yọ bàbá mi lẹ́nu lójú àlejò. "Ẹ wo oníbúlọ́ọ̀kù yìí o, tó ta yẹ̀pẹ̀ fún tíṣà, tó jẹ́ kí n bímọ sí yàrá ayálégbé!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, mo ti tọrọ àforíjì tipẹ́." Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò wo apá ibi tí mo jókòó sí rí.