Àmì Ìsàlẹ̀

Tí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ àǹtí mi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Jókòó, kọ orúkọ ara ẹ." Ẹni náà á rò pé ó fẹ́ mọ orúkọ òun ni. Kò kàn án. Á da bébà yẹn dojú bolẹ̀, á fi ìka tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìkọ̀wé ti yọ sí òdìkejì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń tẹ gègé mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ aáyán pa. Àwọn kan sì wà tí ọwọ́ wọn fúyẹ́ débi pé bébà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá lórí òun. Nígbà tó bá mọ irú ọwọ́ tí èèyàn ní tán ni yóò tó ṣí dúrọ́ọ̀.

Gègé tí mò ń wí yìí kì í ṣe bírò o. Gègé oníńkì ni, èyí tí à ń rọ íńkì sí nínú, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó là sí méjì níwájú. Ẹnu yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń pọ́n ọn lórí òkúta tó jọ̀lọ̀, ó ń fi idẹ fẹ́lẹ́ la àárín rẹ̀ kí íńkì lè máa sọ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń fi awò kan tó ń sọ èèrà di eku yẹ̀ ẹ́ wò. Onígègé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí oyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bírò ti gba ayé, tí oyè náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lówó nínú mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé sórí bébà olówó pọ́ọ́kú tó ń mu íńkì bí aṣọ ìnulẹ̀, ẹnu tóóró tí kì í sọ̀ púpọ̀ ló máa fún un. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu tó rọ̀ tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ro ó. Ọlọ́wọ́ òsì ló ń gbà á lákòókò jù. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń fa gègé ni, ọlọ́wọ́ òsì ń tì í, ẹnu tí a bá sì ń tì máa ń gún bébà. Ó ní láti pọ́n etí rẹ̀ kan rọ̀bọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́wọ́ òsì náà bá tún jẹ́ ẹni tó ń fi àmì sórí Yorùbá rẹ̀, tó ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ bó ṣe tọ́, wàhálà dé nìyẹn. Ẹnu tó bá rọ̀bọ̀tọ̀ jù á gbé àmì ìsàlẹ̀ mì. Àmì á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, lẹ́tà á wá dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀.

Ẹni tí kò lè fojú rí irú bàtà bẹ́ẹ̀ ni àǹtí mi, ìyàwó rẹ̀. Ó dá ìwé ìpè ìgbéyàwó padà lọ́jọ́ kan nítorí wọn kò fi àmì sábẹ́ orúkọ ìyàwó. Ó ní òun kò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé. Òun ló ń dán gbogbo gègé tí ọkọ rẹ̀ bá pọ́n wò, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ ní Ìyá Ìdánwò. Òfin Onígègé ni pé ẹni tó pọ́n ẹnu kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ á ṣojúsàájú. Àǹtí mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á kọ gbólóhùn kan náà tó máa ń kọ nígbà gbogbo: Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ọpọlọ, ó ń fọ́nnu. Àmì ìsàlẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tí gbogbo wọn bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á ní, "Ó tọ́." Tí Onígègé bá sì wà nídìí òkúta tó ń pọ́n kọjá ààlà, etí àǹtí mi máa ń gbọ́ ọ nínú ìró rẹ̀, á sì sọ láìbojúwẹ̀yìn pé, "Ó tó." Onígègé á gbé ọwọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó tọ́, ó tó: ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tí èèyàn bá sì kọ wọ́n sílẹ̀, àmì kan lábẹ́ ni ìyàtọ̀ wọn.

Gègé nọ́ọ̀sì kan ni àǹtí mi ń dán wò láàárọ̀ tí gègé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e, apá ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ohùn náà ti lọ. Dókítà bá wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé abọ́ tó kún. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, pé apá àti ohùn kò ní padà, pé òmíràn sì lè tẹ̀lé e nígbàkigbà. Ó ní ká máa gbé e lọ sílé, ká máa tọ́jú rẹ̀. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo kó wá sílé wọn láti máa wẹ̀ ẹ́, kí n sì máa fún un lóúnjẹ. Wọ́n ti fún wa ní káàdì kan tó ní àwòrán lára, ife omi, ìrọ̀rí, àwo oúnjẹ, pé kó máa fìka tọ́ ohun tó bá fẹ́. Àǹtí mi fi ọwọ́ òsì gbà á, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó jù ú sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, torí mo rí i pé àǹtí mi ṣì wà nínú ara yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ sọ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. A bi í bóyá ó ń fẹ́ nǹkan, orí rẹ̀ mì. A bi í bóyá kò fẹ́, orí náà ṣì ń mì.

"Ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ," Onígègé wí. "Màá ṣe gègé tó máa fi sọ ọ́."

Bírò kò lè ṣe é, torí bírò fẹ́ kí a tẹ òun mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì àǹtí mi kò sì lágbára àtitẹ nǹkan kan. Lórí fóònù, ìka rẹ̀ ń fò kọjá lẹ́tà. Gègé oníńkì nìkan ló ń kọ̀wé láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn, n kò bá a jiyàn. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi wé ara gègé kí ó lè nípọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó ti òkúta.

Ẹnu tó kọ́kọ́ ṣe gún bébà ya. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ̀ jù, ó da íńkì sórí aṣọ ìbora. Ó tún jókòó. Iyàrá iwájú ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àǹtí mi sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, aṣọ ìkélé nìkan ló là wọ́n láàárín. Bí mo bá ká aṣọ náà sókè, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló máa ń rí. Tó bá gbé gègé wá fún un, tó sì fẹ́ padà, ọwọ́ òsì yẹn á gbá etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Onígègé á rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

N kì í ṣe onísùúrù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ti òun ni."

"Ṣé kí n jókòó tì í títí tó fi máa kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ojú ẹ̀."

"Ojú ò ní àmì lórí," ló fi dá mi lóhùn, ó sì kọjá sídìí òkúta. Inú bí mi débi pé mo fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbé èyí tó jọ pé ó dára wá. Mo di pátákó mú, ó fi gègé sí àǹtí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ náà gbọ̀n, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ o ńlá kan tó wọ́, ó kọ t tó fara ti afẹ́fẹ́, ó tún kọ o kan. Ó sinmi. Mo rò pé ó ti parí. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ó fi àmì sórí ti àkọ́kọ́, ó mí, ó fi àmì sórí ti ìkẹyìn. Ó wá jẹ́ kí gègé bọ́. Ohun tó wà lórí bébà ni: Ó tó.

Onígègé bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ó tọ́," ó wí. "O ò rí i? Ó ní ẹnu ẹ̀ tọ́."

"Kò sí àmì ìsàlẹ̀ níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mú awò rẹ̀, ó tẹ orí ba bébà. "Ẹnu yìí ló fẹ̀ jù. Mo sọ etí ẹ̀ di rọ̀bọ̀tọ̀ kó má baà gún bébà. Kò jẹ́ kó lè fi àmì sísàlẹ̀. Màá ṣe èyí tó tóóró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tó bá jẹ́ pé ó tó ló kọ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. "Kí ló máa tó? Kò tíì sọ nǹkan kan."

Àǹtí mi ń wò wá láti orí ìrọ̀rí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Onígègé ní omijé ayọ̀ ni. Ó dé gègé náà, ó fi í sápò àyà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ó mú irin mìíràn nínú dúrọ́ọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi bébà yẹn han gbogbo ẹni tó bá yà wọlé. Wọ́n ń bá a yọ̀, kí ni wọn ì bá ṣe? Láti ìgbà náà, àǹtí mi kò di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú mọ́. Tí ọkọ rẹ̀ bá gbé gègé tuntun wá, ìka àǹtí mi kì í ṣí láti gbà á.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí àǹtí mi lọ. Mo ti sá aṣọ rẹ̀ sábẹ́ òrùlé, mo gbé omi gbígbóná wọlé, mo sì rí ọwọ́ òsì náà tó nà sí etí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí èèyàn ì bá jókòó sí. Ó ti tutù. Mo pe Onígègé.

"Ó kù díẹ̀," ó dáhùn láti iyàrá iwájú. Mo ń gbọ́ ìró òkúta.

Mo tún pè é. N kò mọ irú ohùn tí mo fi pè é, àmọ́ ìró náà dákẹ́.

A sin àǹtí mi. Onígègé kò fọwọ́ kan òkúta mọ́, oníbàárà ń dé, èmi ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó yá, ó pè mí sí iyàrá iwájú. Ó ti yọ gègé yẹn, èyí tó wà lápò rẹ̀, ó ti fi omi fọ íńkì tó gan mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti rọ òmíràn sí i.

"Bá mi dán an wò," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀."

Kò fi sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó mú gègé náà sí ọwọ́ òsì, òun tí kò dán gègé wò rí láyé rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, ìkọ̀wé náà sì wọ́ bíi ti ọmọ ilé-ìwé: Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ọpọlọ, ó ń fọ́nnu. Ó gbé awò lé e. Mo tẹ̀ba lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i láìlo awò. Abẹ́ gbogbo ọ ni àmì wà, ó kéré, ó mọ́, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n bíi tàǹtí mi, síbẹ̀ kò sí èyí tí gègé yẹn gbé mì.

"Ó lè fi sí i," ó wí.

Mo ti fẹ́ purọ́ fún un. Mo wá rí ojú rẹ̀, irọ́ náà kò jáde.

"Ó lè fi sí i, Ẹ̀gbọ́n," mo wí. "Kò fi sí i ni."

Ó pa iná orí tábìlì rẹ̀. Ó gbé àga náà, ó ká aṣọ ìkélé sókè, ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ká aṣọ rẹ̀. Mo pè é pé kó wá jẹun. Mo tún pè é. Nígbà tí mo wọlé lọ wò ó, ó ti gbé ọwọ́ rẹ̀ lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má pariwo.