Ìdọ̀tí Ẹnu Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi

Mo rántí ìró ìgbálẹ̀ kan tó máa ń jí mi ní ìdájí, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé wa ní Festac. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti kú, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Màmá ti ń ta mílíìkì, búrẹ́dì àti ọṣẹ yẹn nìkan la sì gbójú lé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, ni mo bá sọ ara mi di ọ̀gá ọlọ́dẹ ojú fèrèsé.

Aránṣọ kan ló ń gbálẹ̀ náà. Ọ̀dọ́ obìnrin ni, ó ti Ṣakí wá gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì. Bó bá ti gbá iwájú tiẹ̀ tán, á sọdá, á gbá tiwa, á wá kó gbogbo ìdọ̀tí wa lọ sínú dọ́sìbìn tiẹ̀. Ohun tó ká mi lára nìyẹn. Kí ló fẹ́ fi ìdọ̀tí wa ṣe? Lásìkò yẹn gan-an ni oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láti Mile 2, tí wọ́n máa ń yà ra búrẹ́dì, ń wò wá kọjá. Lóòótọ́, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ti ṣí lọ́nà Agboju, inú ibẹ̀ sì tutù nini, àmọ́ ìyẹn ò wá sí wa lọ́kàn. Ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún wá dá kún un.

"Àǹtí, ẹ lajú yín o," ló sọ fún mi. "Oríire ṣọ́ọ̀bù yín ló ń gbá lọ yẹn."

Èmi tí mo kàwé, mo dá a lóhùn pé mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo wọlé, mo lọ sọ fún Màmá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ti dúró dè é. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Aránṣọ kúnlẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin làgbà tí mo bá ládùúgbò yìí. Nílé wa, ìyàwó tó kéré jù ló ń gbá ẹnu ọ̀nà àwọn àgbà."

"Èmi kì í ṣe àgbà ilé yín. Má gbá a mọ́."

Kò gbá a mọ́. Oníbàárà ò sì padà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti èèpo àgbàdo ló ń kóra jọ síwájú wa. Tí èmi bá gbá a, Màmá á ní kò mọ́, á tún un gbá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìbàdí di Màmá mú. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń gbálẹ̀, kò lè nàró mọ́. Aránṣọ yọ sí ẹnu ọ̀nà tiẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọdá. Wọ́n wo ara wọn títí.

"Ìyàwó!" Màmá pè é. "Wá gbá a. Àmọ́ dọ́sìbìn tiwa ni kó o dà á sí, níṣojú mi."

Ó gbá a. Ó kó ìdọ̀tí náà sínú ike, ó gbé e sókè kí Màmá rí inú rẹ̀, kó tó dà á nù.

Màmá ti lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di tèmi. Ọjà kò yá bíi tàtijọ́, àmọ́ ó ń bọ́ mi. Irun aránṣọ ti ń funfun, síbẹ̀ ó ń wá gbálẹ̀ láràárọ̀. Bó bá gbá a tán, á gbé ike náà sókè sí mi, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé kò pọn dandan mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo inú rẹ̀ ná.