Òwú Búlúù Tó Ń Padà Sẹ́yìn

Nígbà tí mo kúrò ní Ìbàfò lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìfọ̀, ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ bi mí kì í ṣe bóyá mo lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Múíbá, ṣé o lè kàwé?"

Mo ní mo lè kàwé, mà.

"Ó dáa. Àwa ti wà láàárín ìwé kan. Bí o bá kà á ṣáájú ẹlòmíì, panu mọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ o.

Ìyá Rámónì lorúkọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wọn súnmọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin débi pé bí ọkọ̀ Abẹ́òkúta bá ń kọjá, sísọ́ọ̀sì orí tábìlì á máa jó. Kò tíì tó àkókò òmìnira nígbà náà, ìwé ìtàn Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, orí gbogbo ẹni tó lè kàwé sì ti ń yí. Oníbàárà kì í tíì kí wa tán tí á fi bèèrè pé, "Èwo lẹ̀ ń kà báyìí?" Ìwé ọ̀hún ni kò pọ̀. Ẹyọ kan tí ẹnì kan bá mú bọ̀ láti Èkó, gbogbo àdúgbò ló ń dúró dè é.

Ìyá Rámónì bá ṣòfin. Ìwé kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń sùn, pẹ̀lú bọ́bìnì àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó ka tirẹ̀, kó sì fi òwú síbi tó bá dúró. Olúkúlùkù ló ní àwọ̀ tirẹ̀: funfun ni ti ọ̀gá mi, pupa ni tèmi. Òfin kejì ló wá le jù: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ibi tí òwú ẹni ìkẹyìn wà. Ẹni tó bá rú u, ẹ̀pà ni yóò rà fún gbogbo ilé.

Ìwé tó wà nílẹ̀ lọ́dún yẹn dá lórí obìnrin ẹlẹ́ja kan tí ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ tí kò padà. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ wá ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ṣé kó dúró de ọkọ ni, àbí kó máa lọ? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀gá mi ní kó dúró. Bàbá Lásísì, bíríkìlà ará Mowe tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé kíkà, ní kò gbọdọ̀ dúró rárá. "Kó fẹ́ ẹni tó ń kọ́lé! Ẹni tó ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ibo ló fẹ́ sá lọ?"

Ẹni kẹrin wa ni Gàníyù, akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó. Òun ló ni òwú búlúù, òwú búlúù ọ̀hún ló sì máa ń wà lẹ́yìn. Bàbá Lásísì ti kàwé tán, òwú dúdú tiwọn ti dé ìparí, ọ̀rọ̀ sì kún inú wọn bámúbámú.

"Akọ̀wé, ibo lẹ kà dé?"

"Ibi tí obìnrin náà ti ń yan ẹja ni, sà."

"Ẹja wo? Ẹja yẹn ti jóná láti oṣù tó kọjá!"

Nígbà mìíràn, òwú náà á tiẹ̀ padà sẹ́yìn. Gàníyù á ní òun gbàgbé ibì kan ni, òun fẹ́ tún un kà. Bàbá Lásísì á dìde, wọ́n á jáde síta lọ mí kanlẹ̀.

Èmi o, mo fẹ́ràn bó ṣe ń pẹ́. Bí Gàníyù bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, mo rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pa pátápátá. Ọ̀gá mi gbé e sókè, wọ́n ní, "Múíbá, ibo ni kí bàbá yìí yọ ẹsẹ̀ sí?" Òwú pupa tèmi ti súnmọ́ ìparí, ṣùgbọ́n mo dá a dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ kí èmi àti Gàníyù jọ kà á tán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Gàníyù wọlé, kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbé mi lọ sí ibùdó Kafanchan, ní Òkè Ọya. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ."

"Kafanchan?" Bàbá Lásísì fò dìde. "Ẹ máa kàwé yẹn tán lónìí nìyẹn!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi èmi àti òun. Ó ṣí ìwé, kò ṣí ojú ewé kan kọjá, ó pa á dé, ó lọ. Inú bí mi. Ṣé èmi náà ni mo wá di obìnrin ẹlẹ́ja yẹn, tí mò ń dúró de ẹni tó ń lọ? Mo fa ìwé yọ, mo ní n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì kà á dé ìparí.

Ilà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú ewé ìkẹyìn.

Ohun tí ọ̀gá mi tètè kọ́ mi ni pé òwú búlúù tí kò wọ́n, kí n fọ̀ ọ́ kí n tó fi kan aṣọ funfun, torí aró rẹ̀ ń yọ. Òógùn ọwọ́ lásán tó láti yọ ọ́. Mo ti fi ba kọ́là ẹ̀wù funfun kan jẹ́ rí, nítorí náà mo mọ ilà náà dájú. Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ilà búlúù wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, kò síbi tí òwú yẹn kò tíì sùn.

Mo fi han ọ̀gá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀rọ mú. "Ó ti kàwé yìí tán tipẹ́! Kí lo rò pé ó ń wá níbí lójoojúmọ́, ẹ̀pà? Dìde ńlẹ̀, kó o máa lọ sí ibùdó!"

Mo sáré tòun ti téèpù lọ́rùn. Gàníyù wà lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, èrò tò síwájú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ibo lẹ kà dé?"

"Ibi… ibi tó ti ń yan ẹja ni."

"Aró òwú yín wà lójú ewé ìkẹyìn."

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà níwájú kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì Èkó mi ná!" Gàníyù kò gbọ́. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, o ti kà á tán?"

"Lónìí ni."

"Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń dúró dè yín ni."

"Háà!" ni gbogbo èrò ṣe. Obìnrin Èkó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ máa mú tíkẹ́ẹ̀tì yín dání. Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù."

Kí Gàníyù tó wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn ẹbí rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìbàfò. Ó lọ, ó sì padà wá fún ìgbéyàwó. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ni mo fi rán an, n kò sì rán ẹnu ọwọ́ rẹ̀ pa. Bàbá Lásísì ra ẹ̀pà fún gbogbo àlejò, wọ́n ní àwọn ti fẹ́ sọ ìparí ìtàn yìí tipẹ́.

Mo bá ọkọ mi lọ sí Òkè Ọya, mo ránṣọ níbẹ̀, a sì padà sí Ìfọ̀, níbi tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Gbogbo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo bi bóyá ó lè kàwé. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀rọ báyìí. Ojú Gàníyù kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, èmi ni mò ń kàwé fún un ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá ti súnmọ́ ìparí, á fọwọ́ kàn mí lápá.

"Múíbá, n kò gbọ́ ibì kan dáadáa. Jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Mo máa ń fa òwú búlúù wa padà.