Ohùn Inú Àmù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ṣì lè wọ ẹnu àmù, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n fọ inú rẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé iṣẹ́ yẹn: iyanrìn, kànìnkànìn, òórùn amọ̀ tútù. Àwọn yòókù á máa ta òkòtó níta, èmi á ti orí bọ àmù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí mo bá kùn "hùùù", ohùn náà kì í tètè kú. Á yípo, á wú, á padà wá bá mi bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ló ń kùn.

Ìyá Ṣẹ́kọ́nà, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń jẹ́ Sìfáwù, ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní oríta Ṣẹ́kọ́nà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọmọ tí yóò máa bá wọn ru igbá. Wọ́n ní kí n fìka kan kanlẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, wọ́n wá kọjú sí bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ṣé irú èyí lẹ fẹ́ rán lọ sí girama? Ẹ jẹ́ ó bá mi lọ, ojú rẹ̀ á là."

Bí bàbá mi bá ti ní "Ó dáa" pẹ́rẹ́, ìwé mi parí nìyẹn. Ìyá mi ò lè dá sí i. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni.

Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ojú lé ẹnu àmù, wọ́n kùn. Wọ́n tún kùn, adìyẹ fọ́n ká.

"Sìfáwù, wá gbọ́ ọ."

"Èmi kọ́! Orí mi pé!"

"Ó dáa. Kí ẹni tórí ẹ̀ pé máa lọ ta ẹ̀wà. Wèrè lèmi àtọmọ mi. Ilé-ìwé ni wèrè ń lọ."

Ilé-ìwé náà ló gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni kíkó ìró jọ: òjò lórí páànù, ẹ̀rọ ìlọta, omi Ọ̀ṣun lábẹ́ afárá. Mo ń fi kọ̀ǹpútà fà wọ́n gùn títí wọn yóò fi di orin tí kò ní ìlù, tí kò ní ọ̀rọ̀. Nílùú òyìnbó, ńṣe ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ gbọ́ ọ. Nílé níbí, ẹnì kan ní rédíò bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo lorin fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Orin ti ń parí lọ nígbà yẹn.

Lónìí, àwọn ọmọ Ìyá Ṣẹ́kọ́nà ń sọ fáráyé pé ìyá àwọn ló kọ́kọ́ rí ẹ̀bùn mi. Irọ́ funfun báláú! Láyé tiwa, ojú kojú ni wọ́n ti ń bú èèyàn, o mọ ọ̀tá ẹ, nísinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń nà sí ẹ, tí wọ́n ń kígbe "Màmá wa àtàtà!" Nígbà tí wọ́n ṣàdúà àyájọ́ ikú ìyá wọn, wọ́n ní kí n wá fi orin dá wọn lọ́lá. Mo lọ. Mo yan èyí tó gùn jù lọ nínú gbogbo orin mi, mo ní kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n má tíì gbé oúnjẹ jáde. Láyé ọjọ́sí, àgbà ló ń fìyà jẹ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ò tíì yí padà, àfi pé èmi ni àgbà báyìí. Mo tẹ bọ́tìnì, mo fẹ̀yìn ti àga. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti dìde.